Ta Ló Ra Ọjà Ire ní Draft NFL?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Seattle Seahawks, ẹgbẹ́ kan nínú NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ni mò ń tẹ̀lé. Lọ́dọọdún, kí ilẹ̀ tó mọ́ lẹ́yìn draft, ìyẹn ètò tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń mú agbábọ́ọ̀lù tuntun láti yunifásítì lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan á ti fún ẹgbẹ́ mi ní A, ẹlòmíràn á fún wọn ní D, lórí àwọn ènìyàn kan náà. Báwo ni èmi tí kì í ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá ṣe lè fi ojú ara mi mọ̀ bóyá wọ́n mú ènìyàn dáadáa? Ìgbà wo ló sì yẹ kí n dájọ́?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Máàkì òwúrọ̀ yẹn, ẹ má gbé ara lé e. Ẹni tó ń fún ẹgbẹ́ ní máàkì ti to àwọn agbábọ́ọ̀lù sínú ìwé tirẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, láti orí ẹni àkọ́kọ́ dé orí ẹni bí 300. Bí ẹgbẹ́ yín bá mú ẹni tó wà ní ipò 60 nínú ìwé yẹn nígbà tó kàn wọ́n ní nọ́ńbà 25, D nìyẹn. Bí wọ́n ṣe bá ìwé rẹ̀ mu ló ń díwọ̀n. Agbábọ́ọ̀lù náà kò tíì tẹ pápá.

Ẹgbẹ́ yín gan-an ni ẹ̀rí tó dára jù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012, Seattle mú ènìyàn mẹ́wàá, àwọn kan sì fún wọn ní F. Ohun tó bí wọn nínú kò ṣòro láti rí. Nọ́ńbà 15 lọ fún Bruce Irvin, ẹni tí ọ̀pọ̀ ìwé rò pé ó ṣì máa wà nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i. Nọ́ńbà 47 lọ fún Bobby Wagner láti Utah State, ilé ẹ̀kọ́ tí kámẹ́rà kì í sábà yà sí. Nọ́ńbà 75 wá lọ fún Russell Wilson, quarterback (ẹni tó ń darí ìkọlù tó sì ń ju bọ́ọ̀lù) tí gíga rẹ̀ kò pé ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 11, bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹta ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Matt Flynn sí ipò yẹn kan náà. Ní oṣù kejì ọdún 2014, Seattle na Denver 43 sí 8 nínú Super Bowl, eré àṣekágbá NFL. Wilson ló ń ju bọ́ọ̀lù, Wagner ló wà láàárín àwọn tó ń dènà. Ọdún 2012 yìí ni màá fi dá yín lóhùn, torí gbogbo ohun tó yẹ kí ẹ wò ló wà nínú rẹ̀, títí kan ibi tí wọ́n ti ṣì í.

Ojú ọjà ni kí ẹ fi wò ó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìyàwó ilé kan ná ọjà dáadáa, kò ní wo inú apẹ̀rẹ̀ nìkan. Á bi í pé èló lo rà á, èló ni irú rẹ̀ ń lọ lónìí, á sì dúró wò ó bóyá yóò pẹ́ kó tó bàjẹ́.

Iye tí wọ́n rà á ni ká kọ́kọ́ mú. Ẹgbẹ́ 32 ló wà, ìpele 7 sì ni draft ní. Ẹgbẹ́ tó ṣe burúkú jù ló ń kọ́kọ́ mú, ẹni tó gba Super Bowl ló ń gbẹ̀yìn ìpele kọ̀ọ̀kan. Láti ìpele kẹta lọ, wọ́n máa ń fi nọ́ńbà àsanpadà kún un fún ẹgbẹ́ tí àwọn agbábọ́ọ̀lù tó fi í sílẹ̀ nígbà tí àdéhùn wọn parí bá ju àwọn tó gbà wọlé lọ. Irú nọ́ńbà yìí kò lè ju 4 lọ fún ẹgbẹ́ kan lọ́dún, kò sì lè ju 32 lọ lápapọ̀. Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o: òun ni New England fi mú Tom Brady, nọ́ńbà 199 ní ọdún 2000, òun náà ni Dallas fi mú Dak Prescott, nọ́ńbà 135 ní 2016.

Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Àtẹ tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni ti Dallas láyé akọ́nimọ̀ọ́gbá Jimmy Johnson, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Mike McCoy, tó ní ìpín nínú ẹgbẹ́ náà, ló ṣe é. Lórí àtẹ yìí, nọ́ńbà 1 jẹ́ póìntì 3,000, nọ́ńbà 2 jẹ́ 2,600, nọ́ńbà 16 jẹ́ 1,000, nọ́ńbà 32 jẹ́ 590, nọ́ńbà 64 jẹ́ 270, nọ́ńbà 100 sì jẹ́ 100. Ní 2012, Seattle ní nọ́ńbà 12, tó jẹ́ 1,200. Wọ́n gbé e fún Philadelphia, wọ́n sì gba nọ́ńbà 15 tó jẹ́ 1,050, nọ́ńbà 114 tó jẹ́ 66, àti nọ́ńbà 172 tó jẹ́ nǹkan bíi 22. Ẹ ròó pọ̀: 1,138. Lórí ìwé, póìntì bíi 62 ti já bọ́ lọ́wọ́ wọn. Philadelphia sì fi nọ́ńbà 12 yẹn mú Fletcher Cox, tó di ìràwọ̀. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò ní Seattle gbé gbèsè.

Àmọ́ àtẹ náà ní àléébù kan. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ máa ń san láti gòkè ló wà níbẹ̀. Kò sọ ohun tí agbábọ́ọ̀lù máa ń ṣe bó bá dé. Cade Massey àti Richard Thaler yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013, wọ́n sì rí i pé owó tí wọ́n ń san fún ipò òkè ti ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ bá to àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà bí wọ́n ṣe mú wọn tẹ̀ léra, ẹni tó ṣáájú dára ju ẹni tó tẹ̀ lé e lọ ní ìgbà 52 péré nínú 100. Orí tàbí ìrù lẹ ń ta yẹn. Nítorí náà, bí mo bá rí ẹgbẹ́ tó sọ̀kalẹ̀ ní ipò mẹ́ta tó sì fi gba ènìyàn méjì kún un, inú mi ti dùn sí i kí n tó gbọ́ orúkọ ẹni tó mú. Lọ́dún yẹn kan náà, Seattle tún sọ̀kalẹ̀ láti 43 sí 47, New York Jets sì fún wọn ní 154 àti 232 lé e lórí. Wagner ṣì wà nílẹ̀ nígbà tó kàn wọ́n. Stephen Hill ni Jets sáré gòkè wá mú.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀, nínú draft 2012 kan náà. Washington fẹ́ Robert Griffin. Wọ́n gbé nọ́ńbà 6, nọ́ńbà 39, ìpele kìíní 2013 àti ìpele kìíní 2014 fún St. Louis, kí wọ́n lè dé nọ́ńbà 2. Ẹni mẹ́rin fún ẹyọ kan. Ní ọdún àkọ́kọ́, Griffin gba ẹ̀yẹ àgbà nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun tó ń kọlu, gbogbo ènìyàn sì ń yin Washington. Ní oṣù kìíní 2013, orúnkún rẹ̀ bàjẹ́ nínú playoff, ìdíje àwọn tó yege lẹ́yìn sáà, ẹgbẹ́ yín ni wọ́n sì ń bá gbá lọ́jọ́ náà. Nígbà tó fi di 2015, Kirk Cousins ti gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Cousins yìí, Washington fúnra rẹ̀ ló mú un ní nọ́ńbà 102 nínú draft kan náà. Ní oṣù kẹta 2016 wọ́n tú Griffin sílẹ̀. Ìfarapa kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó mú un. Ẹ̀bi tó wà níbẹ̀ ni pé gbogbo owó ọjà ni wọ́n fi ra ẹyọ ẹyin kan. New Orleans ti ṣe irú rẹ̀ rí ní 1999, nígbà tí wọ́n kó gbogbo nọ́ńbà wọn ọdún náà, pẹ̀lú ìpele kìíní àti ìkẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, nítorí Ricky Williams, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó gbé bọ́ọ̀lù sá lọ.

Owó gidi tún wà, yàtọ̀ sí póìntì. Ibí yìí ni ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ti ju èje lọ. Kó tó di 2011, ẹni àkọ́kọ́ nínú draft máa ń gba owó ọba: Sam Bradford gba àdéhùn ọdún 6 tó jẹ́ mílíọ̀nù 78 dọ́là ní 2010. Lẹ́yìn àdéhùn tuntun láàárín NFL àti ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù, Cam Newton, ẹni àkọ́kọ́ ní 2011, gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 22 fún ọdún 4. Láti ìgbà náà, nọ́ńbà tí wọ́n fi mú ọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pinnu owó rẹ tán, ọdún 4 ni, ẹgbẹ́ kò sì lè tún un ṣe kí sáà kẹta tó parí. Ẹ rántí pé iye owó tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ná lọ́dún ní òpin. Ní 2013, mílíọ̀nù 123 ni. Nínú Super Bowl tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, Peyton Manning ń gba mílíọ̀nù 17.5 lára òpin ti Denver. Wilson kò gba tó 700,000 lára ti Seattle. Ìyàtọ̀ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n rí owó gba Cliff Avril àti Michael Bennett wọlé lọ́dún náà, kí àwọn méjèèjì wá máa lé Manning kiri. Bí ẹ bá ń díwọ̀n nọ́ńbà 75, ẹ ka Avril àti Bennett mọ́ ọn.

Ó yẹ kí ẹ tún mọ èló ni irú iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ níta. Quarterback ló wọ́n jù, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni tó ń sá lé quarterback láti ẹ̀gbẹ́, tackle tó ń dáàbò bò ó, ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù lọ́nà jíjìn, àti cornerback tó ń ṣọ́ ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù náà. Guard tó ń dúró láàárín tackle àti ẹni àárín, ẹni àárín fúnra rẹ̀ tó ń fi bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sá, àti linebacker àárín tó ń dènà lẹ́yìn ìlà iwájú, owó wọn kéré sí i. Orúkọ méjì tó máa dùn létí wa fi èyí hàn. Olumuyiwa Fashanu jẹ́ tackle. Jets mú un ní nọ́ńbà 11 ní 2024. Olusegun Oluwatimi ń gbá àárín fún Michigan, ó gba ẹ̀yẹ Outland àti ẹ̀yẹ Rimington pọ̀ ní 2022, ìyẹn ni pé kò sí ẹni tó dára jù ú lọ ní ipò rẹ̀ ní yunifásítì. Síbẹ̀, nọ́ńbà 154 ni ẹgbẹ́ yín fi mú un ní 2023. Kì í ṣe pé ojú wọn fọ́. Ẹni àárín tó dára, owó kékeré lèèyàn lè fi rí i níta. Tackle tó dára, bí o kò bá mú un ní draft, apá rẹ lè má ká a. Torí náà, bí ẹgbẹ́ bá fi nọ́ńbà 10 mú guard, ó ní láti jẹ́ àgbà guard pátápátá kí owó yẹn tó padà wá. Tackle tó kàn mọ iṣẹ́ díẹ̀, ó ti san owó rẹ̀.

Ní ti ìgbà tí ẹ máa dájọ́: lẹ́yìn sáà kẹta. Ẹ ra ìwé kan, kí ẹnìkọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà tí wọ́n fi mú un, ohun tí wọ́n san bí pàṣípààrọ̀ bá wà níbẹ̀, ipò rẹ̀, àti iye snap rẹ̀ lọ́dọọdún, ìyẹn ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún nínú eré ẹgbẹ́ náà ló wà lórí pápá fún. Ojúlé ayélujára Pro-Football-Reference ní i láti 2012, ọ̀fẹ́ ni. Ìwọ̀n tí mò ń lò rèé: ẹni ìpele kìíní yẹ kó ti máa gbá tó 65 nínú 100 láti ọdún kejì, ẹni ìpele kejì àti ìkẹta, kó tó ìdajì nígbà tó bá di ọdún kẹta, ẹni ìpele kẹrin sísàlẹ̀, bó bá ṣì wà nínú àwọn 53 tí ẹgbẹ́ ń kó wọ sáà lọ́dún kẹta, wọn kò jìyà. Ẹ yọ quarterback sílẹ̀. Green Bay mú Aaron Rodgers ní nọ́ńbà 24 ní 2005, 2008 ló tó bẹ̀rẹ̀ eré. Wọ́n mú Jordan Love ní 26 ní 2020, 2023 ló tó kàn án. Ẹ yọ ẹni tí ẹgbẹ́ mọ̀ pé ara rẹ̀ kò yá sílẹ̀ pẹ̀lú. Iṣan gìgísẹ̀ Dayo Odeyingbo ti já ní oṣù kìíní 2021, Indianapolis sì mọ̀ kí wọ́n tó mú un ní nọ́ńbà 54. Ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ kò lè sọ ohun kan fún yín.

Snap nìkan kò tó, torí ẹgbẹ́ tí kò ní ènìyàn á fi ọ̀lẹ sórí pápá. Ẹ̀rí tó lágbára jù ni owó tí wọ́n tún san. Fún ẹni ìpele kìíní, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún lẹ́yìn sáà kẹta, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ sọ bóyá wọ́n máa gba ọdún karùn-ún rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, àwọn tó ń rí i lójoojúmọ́ ti sọ̀rọ̀ nìyẹn. Fún àwọn yòókù, ẹ wo àdéhùn kejì: ta ló san án, èló? Atlanta mú Foyesade Oluokun láti Yale ní nọ́ńbà 200 ní 2018. Ní 2021 kò sí ẹni tó mú alátakò wólẹ̀ tó o ní gbogbo NFL: 192. Jacksonville wá fi mílíọ̀nù 45 fún ọdún 3 gbé e lọ. Àwọn kan ní Atlanta pàdánù. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi lò ó ní owó táṣẹ́rẹ́, ẹlòmíràn ló wá san owó ńlá. Kí ni wọ́n tún ń fẹ́ lára nọ́ńbà 200?

Ẹ jẹ́ ká wá máàkì ẹgbẹ́ yín ní 2012. Irvin gbé quarterback ṣánlẹ̀ ní ìgbà 8 lọ́dún àkọ́kọ́, kò sí ẹni tuntun tó ṣe tó o. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé e sí ipò linebacker, ní 2015 wọ́n kọ ọdún karùn-ún rẹ̀, ní 2016 ó bá tirẹ̀ lọ. Fún nọ́ńbà 15, ó tó bẹ́ẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀. Chandler Jones tí New England mú ní 21 jù ú lọ fíìfíì. Nípa Irvin, ẹnu àwọn tó fún wọn ní F kò jìnnà sí òótọ́. Wagner ní 47: linebacker àárín ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà 6 ló wọ ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ All-Pro (àwọn tó dára jù ní NFL lọ́dún kan), èyí tó borí ọ̀rọ̀ owó ipò. Wilson ní 75, mo ti sọ ọ́. Robert Turbin ní 106, adípò fún Marshawn Lynch, ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Jaye Howard ní 114: Seattle tú u sílẹ̀ ní 2013, ó lọ dára sí Kansas City. Ìdá kan lára owó nọ́ńbà 12 ló jẹ́, ẹ rántí, ẹlòmíràn ló sì jẹ ẹ́. Wọ́n mọ ènìyàn mú, wọn kò mọ̀ ọ́n tọ́jú; máàkì òdo ni mo fún wọn níbẹ̀. Jeremy Lane ní 172 wúlò gan-an. J.R. Sweezy ní 225, ẹni tó ń dènà ní yunifásítì ni. Wọ́n sọ ọ́ di guard, ó sì bẹ̀rẹ̀ eré ní Super Bowl. Toomer ní 154, Guy ní 181 àti Scruggs ní 232 kò fi bẹ́ẹ̀ rí ṣe.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ: bí Sweezy bá bọ́ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tí kò ní olùkọ́ tó mọ bí a ṣe ń yí ipò ènìyàn padà, ó ṣeé ṣe kí ẹ má gbọ́ orúkọ rẹ̀ láé. Ìdí nìyí tí n kì í fẹ́ràn kí ènìyàn máa fi ìgbẹ̀yìn bú wọn pé, “Wọ́n fi Brady sílẹ̀!” Gbogbo ẹgbẹ́ ló fi í sílẹ̀, New England náà fi í sílẹ̀ ní ìpele márùn-ún. Bí ẹ bá fẹ́ wo ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀, ẹ wo ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà tí wọ́n mú tẹ̀ lé e, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún iye AV (Approximate Value), nọ́ńbà kan ṣoṣo tí Pro-Football-Reference fi ń díwọ̀n iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Ó wúlò fún ìfiwéra ńlá, ṣùgbọ́n ó máa ń gbè sẹ́yìn ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ rere. Ẹ sì má jẹ́ kí eré sísá Combine, ìdánwò ara tí wọ́n ń ṣe fún wọn ní Indianapolis kí draft tó dé, dí yín lójú. Adetomiwa Adebawore wúwo tó páùn 282, ó sì sá yáàdì 40 ní ìṣẹ́jú àáyá 4.49 ní 2023. Ẹnu ya gbogbo ènìyàn, ìpele kẹrin ni wọ́n ṣì mú un, nọ́ńbà 110, torí fíìmù eré rẹ̀ ni wọ́n tún padà lọ wò.

Lójú ìwé ti 2012 yín, ẹ má tíì fa ìlà sábẹ́ nọ́ńbà 75. Ní 2022 Seattle gbé Wilson fún Denver, lára ohun tí wọ́n gbà ni ìpele kìíní méjì àti ìpele kejì méjì. Wọ́n fi mú Charles Cross ní 9 àti Boye Mafe ní 40 lọ́dún náà, Devon Witherspoon ní 5 àti Derick Hall ní 37 lọ́dún kejì. Orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọn, abẹ́ ti Wilson ni kí ẹ kọ wọ́n sí, kí ẹ tó ṣí ìlà tuntun fún ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn.